Ọta wo ló yẹ kí a fi tún kátíríìjì ráífù kì? Àlàyé fún ẹni tí àkọlé ara páálí ń dà láàmú

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ohun èlò ọdẹ ní Amẹ́ríkà láti ra ọta tí yóò fi tún kátíríìjì ìbọn .308 rẹ̀ kì yóò bá oríṣiríṣi páálí lórí àtẹ, gbogbo wọn ló sì ń jẹ́ .308. Ọ̀kan jẹ́ gíréènì 150, òmíràn 168, òmíràn 180. Wọ́n kọ FMJ sára ọ̀kan, wọ́n kọ SP sára èkejì, wọ́n kọ BTHP sára ẹ̀kẹta. Orí òmíràn mú ṣóńṣó, ti òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ, òmíràn sì ní ihò wínní lórí. Ìdàrúdàpọ̀ yìí tún pọ̀ sí i láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2019, nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ California tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọta tó ní òjé ṣọdẹ mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, tí àwọn ọdẹ tó ti mọ ọta kan láti ìgbà èwe wọn sì ní láti kọ́ nípa ọta bàbà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ níbẹ̀ náà wà nínú àwọn tó ń béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ gbogbo èyí.

Iṣẹ́ tí ọta máa ṣe lẹ́yìn tó bá ti kan ohun tí a ta á sí ni a fi ń yàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò wá wò ó bóyá ọ̀pá ìbọn wa lè gbé e, àti bóyá a ní ìlànà ẹ̀tù tí wọ́n kọ fún ọta náà gan-an. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, bóyá láti orí owó tàbí láti orí bí ọta ṣe rí lójú, lè ṣe ẹran léṣe kí ó sì sá lọ kú sínú igbó láìsí ẹni tó máa rí i, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó burú tó ìyẹn nínú iṣẹ́ ọdẹ.

Kí ni ọta, kí sì ni kátíríìjì?

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọta ni a ń pe gbogbo ohun tí a kì bọ inú ìbọn. Nínú àlàyé yìí, a gbọ́dọ̀ ya wọ́n sọ́tọ̀. Kátíríìjì ni odidi rẹ̀, ohun mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kóròfo idẹ tó gba ohun gbogbo sínú. Ìkejì ni práímà, ìyẹn ohun kékeré tó wà ní ìdí kóròfo, tó máa ń ṣáná nígbà tí irin ìbọn bá gbá a. Ìkẹta ni ẹ̀tù tí iná náà máa ràn mọ́. Ìkẹrin ni ọta fúnra rẹ̀, ìyẹn ẹyọ irin tó jókòó sí ẹnu kóròfo, òun nìkan ló sì máa jáde lẹ́nu ìbọn lọ bá ẹran.

Nígbà tí a bá yìnbọn tán, kóròfo idẹ ṣì wà. Àwọn tó ń tún kátíríìjì kì máa ń ṣa á, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ práímà tó ti jó kúrò, wọ́n á fi irinṣẹ́ dá ara rẹ̀ padà sí ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á fi práímà tuntun sí i, wọ́n á wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á sì tẹ ọta tuntun sí i lẹ́nu. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé ó dín owó kù, àti pé ó jẹ́ kí ènìyàn lè yan ọta tó bá ìbọn rẹ̀ àti ẹran rẹ̀ mu jù lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ki kátíríìjì fún ìlò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é tà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ aṣelọ́pọ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò fún aráàlú láyè láti máa ṣe ìbọn tàbí ọta nílé ara rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn tí òfin ibi tí wọ́n ń gbé fún láyè ni mò ń sọ níbí.

Kí ni àwọn nọ́ńbà ara páálí ń sọ?

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú ọta. Ọta tí wọ́n kọ .308 sí lára fẹ̀ tó íǹṣì 0.308, ìyẹn mìlímítà 7.82. Orúkọ ìbọn kì í fi gbogbo ìgbà bá ìbú ọta rẹ̀ mu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìbọn .303 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò ń gba ọta tó fẹ̀ tó íǹṣì 0.311 tàbí 0.312. Ìbọn .30-06, tó ti wà láti ọdún 1906, àti ìbọn .30-30 ń gba ọta .308 bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kátíríìjì wọn kò jọra, tí ọ̀kan kò sì lè wọ inú èkejì. Nítorí náà, ìwé ìlànà ni kí ènìyàn wò kó tó ra ọta, kó má ṣe fi orúkọ ìbọn ṣe ìṣirò.

Nọ́ńbà kejì ni gíréènì, òun sì ni ìwọ̀n ìwúwo. Gíréènì 7,000 ló wà nínú pọ́ùn kan, nítorí náà ọta gíréènì 150 wúwo ju gíráàmù mẹ́sàn-án àbọ̀ lọ díẹ̀. Ìwúwo ọta nìkan ni gíréènì yìí ń sọ. Ṣùgbọ́n gíréènì kan náà ni a fi ń wọn ẹ̀tù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń pa méjèèjì pọ̀. Gíréènì ara páálí ọta kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iye ẹ̀tù tó yẹ kó wọ inú kóròfo, àṣìṣe yìí sì lè gba ojú tàbí ọwọ́ ènìyàn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọta nígbà tó bá kan ẹran?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ọta tó bá wọ ara ẹran lè ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta: ó lè la ara rẹ̀ kọjá láìyí padà rárá, ó lè fẹ̀ lójú kí ó sì máa wọlé lọ, tàbí kí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dé ibi tí ẹ̀mí wà. Bí wọ́n ṣe ṣe ọta náà ló ń pinnu èyí tó máa ṣe.

Ọta àtijọ́ jẹ́ òjé lásán, torí pé òjé wúwo, ó rọ̀, ó sì rọrùn láti yọ́. Nígbà tí ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín dé ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í yára débi pé òjé lásán ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Ojútùú tí wọ́n rí ni pé kí wọ́n wọ òjé náà ní ẹ̀wù bàbà. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo ọta olójé ni pé báwo ni ẹ̀wù náà ṣe nípọn tó, níbo ló sì ti ṣí sílẹ̀?

FMJ ni èyí tí ẹ̀wù bo gbogbo orí rẹ̀ pátá. Ọta ọmọ ogun ni. Ní Dum Dum, nítòsí Kolkata ní Íńdíà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọta ogun tí orí òjé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1890, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ nítorí irú ọgbẹ́ tó ń dá sí ènìyàn lára, títí ìpàdé tó wáyé ní The Hague lọ́dún 1899 fi ṣe àdéhùn pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i má ṣe lo ọta tó ń fẹ̀ nínú ara ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ń bá ara wọn jagun. Nínú iṣẹ́ ọdẹ, ìdàkejì ni ó yẹ. Ọta FMJ tó la ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín kọjá lè dá ihò tóóró kan sílẹ̀, ẹran náà á sì sáré lọ jìnnà kí ó tó kú nínú ìrora. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò fi gbà kí a fi FMJ ta àgbọ̀nrín. Ibi tó wúlò ni orí pápá ìdánrawò, níbi tí ènìyàn ti ń ta páálí lásán.

SP ni èyí tí òjé yọrí díẹ̀ níwájú. Bí orí rírọ̀ yẹn bá ti kan ẹran, ó máa ń tẹ̀ padà sẹ́yìn, ọta náà á fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, ọ̀nà tí ó sì là nínú ẹran á gbòòrò, ẹ̀jẹ̀ á sì tú kíákíá. Fún àgbọ̀nrín láti ibi tí kò jìnnà jù, SP tó mọ níwọ̀n ti tó láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn títí di òní, ó sì wà lára àwọn tí owó wọn kò ga. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdẹ tuntun rò pé ọta tó wọ́n jù ló gbọ́dọ̀ dára jù.

Ìṣòro SP máa ń yọjú nígbà tí ẹran bá tóbi tí ọta sì ń sáré gidigidi. Ní ọdún 1946, ọdẹ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Nosler lọ ṣọdẹ moose, ẹran ńlá tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó ga ju ẹṣin lọ, ní British Columbia ní Kánádà. Ó ta ọ̀kan, ẹran náà sì dúró síbẹ̀, torí pé ọta rẹ̀ ń fọ́ sára ẹran náà kí ó tó wọlé jinlẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó ṣe ọta kan tó ní yàrá méjì, tí ògiri bàbà sì wà láàárín wọn: òjé yàrá iwájú ń fẹ̀, tí yàrá ẹ̀yìn sì dúró ní odindi, tó ń ti gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1948 pẹ̀lú orúkọ Partition, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn gba ọ̀nà tiwọn: wọ́n jó òjé mọ́ ẹ̀wù bàbà kí méjèèjì má lè pínyà. Irú ọta báyìí ló yẹ fún elk, ìyẹn irú àgbọ̀nrín ńlá kan, fún moose, àti fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá tí awọ èjìká rẹ̀ yi.

Irú kan tún wà tí ẹ̀wù rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, tí wọ́n ṣe kí ó lè fọ́ yángá lọ́gán tó bá ti kan nǹkan. Wọ́n ṣe é fún àwọn ẹranko kékeré tó jọ ikún àti àwọn ajá ìgbẹ́ tó ń yọ àwọn àgbẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lẹ́nu. Fífọ́ tó ń fọ́ dára níbẹ̀, nítorí pé ọta tó bá balẹ̀ kò ní ta padà lọ bá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ta èjìká àgbọ̀nrín, ó lè fọ́ sínú ẹran ara lókè, kí ó má sì dé ọkàn rárá. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sí páálí rẹ̀ ni varmint.

Ṣé gbogbo ọta tó ní ihò lórí ló ń fẹ̀?

Rárá o. Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí nìyí.

Ẹ gbé ọta méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ SP gíréènì 150, èkejì jẹ́ BTHP gíréènì 168 tí àwọn olùdíje ń lò. Orí SP rí eérú, kò mú púpọ̀, èékánná lè fá a. Orí BTHP mú, gbogbo rẹ̀ ń dán bíi bàbà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ óò rí ihò kan lókè rẹ̀ gan-an, tó kéré débi pé abẹ́rẹ́ lásán ló lè wọ̀ ọ́. HP túmọ̀ sí orí oníhò, ènìyàn á sì rò pé nígbà tí ihò ti wà, ó ní láti fẹ̀.

Ihò yẹn kò sí níbẹ̀ nítorí ẹran. Láti ẹ̀yìn wá sí iwájú ni wọ́n ń fa ẹ̀wù bàbà irú ọta yìí: ìdí rẹ̀ ni ó ti wà ní pípadé, láti iwájú ni wọ́n sì ti ń ti òjé bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fún iwájú pọ̀. Ihò náà ni ibi tí ẹnu ẹ̀wù kò ti pàdé tán. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìdí ọta náà gún régé, nígbà tí ọta bá sì ń kúrò lẹ́nu ìbọn, ìdí rẹ̀ ni èéfín gbígbóná ń fi ọwọ́ kàn kẹ́yìn. Bí ìdí bá wọ́ díẹ̀, ọta á yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùdíje fi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fúnra wọn, Sierra pẹ̀lú MatchKing rẹ̀ ní pàtàkì, kò gba àwọn ọdẹ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ta ẹran, torí pé nígbà mìíràn ó ń fọ́, nígbà mìíràn ó ń kọjá láìfẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ èyí tó máa ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ti BT tó ṣáájú HP, ìdí ọta tó rí bí ìdí ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ, tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá lára rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ń ṣàǹfààní fún ẹni tó ń ta ohun tó jìnnà ju bí 300 yáàdì lọ. Fún ọdẹ inú igbó kìjikìji, kò sí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan.

Nígbà wo ni orí ṣóńṣó lè di ewu?

Àwọn ìbọn kan wà, irú Winchester Model 1894 tó ń lo kátíríìjì .30-30, tí kátíríìjì wọn máa ń tò tẹ̀ léra wọn nínú ọ̀pá tóóró kan lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Orí ọta ẹ̀yìn ń kan práímà kátíríìjì iwájú. Bí orí náà bá mú tó sì le, tí ìbọn sì fi agbára ta padà sí èjìká, orí yẹn lè gbá práímà iwájú, kátíríìjì á sì bú gbàmù nínú ọ̀pá náà, lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Orí pẹrẹsẹ tàbí orí roboto ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń lò. Ilé iṣẹ́ Hornady tún ṣe ọta kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ohun rírọ̀ tó ń tẹ̀ bíi rọ́bà, kí àwọn oníbọn yìí lè jàǹfààní orí ṣóńṣó láìsí ewu. Ẹni tó bá sì ń kì fún wọn gbọ́dọ̀ yan ọta tó ní ìlà tí wọ́n fín yíká ara rẹ̀, níbi tí wọ́n á ti fún ẹnu kóròfo mọ́ ọn, kí ọta má baà rọ́ wọ inú kóròfo.

Kí ló dé tí ọta kan fi ń lọ tààrà nínú ìbọn kan, tó sì ń yí gbiri nínú òmíràn?

Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ ní ọ̀pá tó dán nínú. Ráífù kò rí bẹ́ẹ̀: inú ọ̀pá rẹ̀ ní àwọn ìlà tí wọ́n fín yípo, tó ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń jáde lọ. Ẹni tó bá ti ta òkòtó rí mọ ohun tí pípòòyì ń ṣe: bí òkòtó bá ń pòòyì kíkankíkan, yóò dúró ṣánṣán lórí ẹnu rẹ̀; bí kò bá yára tó, yóò máa mì, yóò sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọta. Bó bá ṣe gùn tó ni pípòòyì tó nílò ṣe pọ̀ tó.

Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ń kọ ìwọ̀n yìí bíi 1:12 tàbí 1:8. Èyí túmọ̀ sí pé ọta á yípo lẹ́ẹ̀kan láàárín íǹṣì 12 tàbí láàárín íǹṣì mẹ́jọ. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ṣe kéré tó ni pípòòyì ṣe yára tó. Ráífù .223 àtijọ́ tó jẹ́ 1:12 ń ta ọta gíréènì 55 dáadáa, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ki ọta gíréènì 77 sí i, ọta náà lè fi ẹ̀gbẹ́ lu páálí, tí ihò tó dá sí i yóò rí gbọọrọ bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ìbọn 1:8 tàbí 1:7 ló yẹ irú ọta gígùn bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀pá ìbọn ni wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà yìí sí, tí kò bá sì sí níbẹ̀, a lè rí i nínú ìwé tó bá ìbọn wá.

Gígùn ni mo sọ, kì í ṣe ìwúwo, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì gan-an fún ọta bàbà. Òjé fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wúwo ju bàbà lọ. Nítorí náà, bí ọta bàbà àti ọta olójé bá jọ jẹ́ gíréènì 150, tí wọ́n sì fẹ̀ bákan náà, ti bàbà gbọ́dọ̀ gùn jù. Ẹni tó ń yí kúrò lórí òjé sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀: bó bá ti ń lo gíréènì 180 nínú .30-06, kí ó wo 165 tàbí 150.

Òjé tàbí bàbà?

Ẹyẹ igún ńlá kan wà ní California tí wọ́n ń pè ní condor, apá rẹ̀ méjèèjì tó bá nà án fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àbọ̀. Ní ọdún 1982, ẹyọ 22 péré ló kù láyé. Ní 1987, wọ́n mú èyí tó kù nínú igbó pátá lọ sí ọgbà ẹranko kí ìran wọn má baà parẹ́, láti 1992 ni wọ́n sì ti ń tú wọn sílẹ̀ padà. Ohun tó ń pa wọ́n jù lọ lẹ́yìn tí wọ́n padà sínú igbó ni májèlé òjé. Ìfun ẹran tí ọdẹ tú dànù sínú igbó, àti ẹran tó fara gbọta tó sá lọ kú, ni igún ń jẹ, òjé wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí òfin California ti ọdún 2007 fún ibi tí ẹyẹ náà ń gbé, àti òfin ọdún 2013 tó kan gbogbo ìpínlẹ̀ náà, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 2019.

Kì í ṣe ẹyẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray ya àwòrán inú òkú àgbọ̀nrín tí wọ́n fi ọta olójé ta, wọ́n rí òjé wínníwínní tó fọ́n ká jìnnà sí ojú ọgbẹ́, tí ojú lásán kò lè rí. Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ North Dakota ní kí àwọn ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní da ẹran àgbọ̀nrín lílọ̀ tí àwọn ọdẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ nù, nítorí òjé tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn 738 ní ìpínlẹ̀ náà lọ́dún yẹn fi hàn pé òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ fi díẹ̀ ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ. Ní tòótọ́, díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n fún ọmọdé àti aláboyún, àwọn onímọ̀ ìlera kò tíì rí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n lè pè ní aláìléwu, àwa ará Nàìjíríà sì ti rí ohun tí òjé ń ṣe ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí eruku òjé láti inú òkúta wúrà ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé.

Ọta bàbà kì í fọ́n ká báyìí. Ó ní ihò ní iwájú, tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè là sí ewé mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí yóò tẹ̀ padà sẹ́yìn nínú ẹran, odidi ọta náà á sì máa wọlé lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bàbà le ju òjé lọ, nítorí náà ó ń fẹ́ kí ọta ṣì máa sáré nígbà tó bá débẹ̀. Bó bá ti rẹlẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,800 sí 2,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í là dáadáa mọ́, wọ́n á sì ṣe bíi FMJ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ ìwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi fara mọ́ bàbà fún ẹni tó bá máa gbé ẹran náà délé fún àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ, yálà òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ fi dandan lé e tàbí kò fi dandan lé e. Ẹni tó bá ṣì ń lo òjé, kí ó gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù ju bí ojú ṣe ń sọ lọ, kí ó sì wa ihò fún ìfun tó bá tú sínú igbó.

Báwo ni yíyàn náà ṣe ń lọ?

Ká ní ènìyàn ní ìbọn .308 tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 1:10, tó fẹ́ ta àgbọ̀nrín, tí ibi tó ń ṣọdẹ kò sì jẹ́ kí ó ríran kọjá 200 yáàdì. FMJ ti bọ́ sẹ́yìn, varmint náà ti bọ́ sẹ́yìn, BTHP olùdíje kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ku SP gíréènì 150 tàbí 165, tàbí ọta bàbà gíréènì 130 sí 150. Bó bá ń gbé ní California, bàbà nìkan ló kù. Ìbọn 1:10 lè gbé èyíkéyìí nínú wọn, jíjìnnà 200 yáàdì kò sì tíì dín ìyára wọn kù débi tí bàbà kò fi ní là. Kí ó wá ra páálí kan tàbí méjì nínú àwọn tó kù yìí, kí ó ta wọ́n sí páálí ìdánrawò láti mọ èyí tí ìbọn rẹ̀ fẹ́ràn, nítorí pé ìbọn méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà lè má fẹ́ràn ọta kan náà.

Ṣé a lè pààrọ̀ ọta kí a fi ẹ̀tù sílẹ̀ bó ṣe wà?

A kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kódà bí gíréènì ọta méjèèjì bá dọ́gba. Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, ó ń di èéfín gbígbóná tí ìfúnpá rẹ̀ nínú kóròfo pọ̀ gidigidi, irin ìbọn sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọta bàbà tó gùn ju ti òjé lọ máa ń wọ inú kóròfo jinlẹ̀ sí i, ó ń gba àyè tó yẹ kó jẹ́ ti èéfín, líle rẹ̀ sì ń mú kí ó ṣòro fún un láti wọ inú ìlà ọ̀pá ìbọn. Méjèèjì ń gbé ìfúnpá sókè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọta bàbà ìgbàlódé fi ní àwọn ìlà jínjìn tí wọ́n fín yí wọn ká, kí ara tó ń ha ọ̀pá ìbọn lè dín kù.

Nítorí náà, ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ tó ṣe ọta náà ni kí a ṣí, kí a sì wá orúkọ ọta náà, gíréènì rẹ̀, orúkọ ẹ̀tù, irú práímà àti gígùn odidi kátíríìjì nínú rẹ̀. Nosler, Hornady, Sierra àti Barnes ló ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Iye ẹ̀tù tó kéré jù tí ìwé náà kọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ kọjá iye tó pọ̀ jù tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyìnbọn kọ̀ọ̀kan, kí a wo ìdí kóròfo: bí práímà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí etí rẹ̀ ti parẹ́, tàbí tí ọwọ́ ìbọn bá le láti ṣí, ìfúnpá ti pọ̀ jù nìyẹn, kí a dúró níbẹ̀, kí a sì tú àwọn kátíríìjì tó kù ká. Orí tábìlì tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀tù jọ ara wọn lójú, ẹni tó bá sì da èyí tó ń jó kíákíá síbi tó yẹ kó da èyí tó ń jó jẹ́jẹ́ sí kò ní mọ̀ títí yóò fi yìnbọn.